Síkáànì oní-dáì àti èémí: èyí tí kọ̀ǹpútà lè tún ṣe, àti èyí tí kò lè tún ṣe

Ẹ̀dọ̀ èèyàn kì í jókòó sójú kan. Bí a bá dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́, tí a ń mí bí a ṣe máa ń mí, ó ń lọ sílẹ̀, ó ń bọ̀ sókè ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2, ìgbà 12 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí a bá mí kanlẹ̀, ó lè sọ̀ kalẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Kókó tí dókítà ń wá nínú ẹ̀dọ̀ ọ̀hún lè má ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ.

Ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó lónìí, "ẹ lọ ṣe CT pẹ̀lú dáì" kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì létí aláìsàn mọ́. CT ni ẹ̀rọ tó ń fi X-ray ya inú ara ní ègé-ègé. Dáì yìí kì í ṣe aró o. Ó mọ́ gaara bí omi. Áyódíìnì tó wà nínú rẹ̀ ló ń dí ìtànṣán X-ray lọ́nà, ìdí nìyẹn tí ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ sí fi ń funfun nínú àwòrán. Ẹ̀dọ̀ wà lára ohun tí wọ́n máa ń tìtorí rẹ̀ ṣe é jù. Ìwádìí NAIIS, ìyẹn ìwádìí lórí HIV tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018, fi hàn pé bí 8 nínú 100 àwọn tó wà láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64 ló ní hẹpataítísì B lára, àrùn yìí sì wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ jù lọ nílẹ̀ wa.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ èémí gbóná báyìí ni sọ́fítíwia. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ń polówó ètò kọ̀ǹpútà tó máa "tún èémí ṣe" lẹ́yìn tí aláìsàn bá ti lọ sílé. Púpọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n yíyẹ̀ kan wà tí kọ̀ǹpútà lè dá padà, òmíràn sì wà tí kò sí ẹni tó lè dá a padà, torí pé ẹ̀rọ kò yà á rárá. Ẹni tí kò bá mọ èwo ni èwo yóò gbẹ́kẹ̀ lé àwòrán tó ń dán, tó sì ń parọ́.

Dáì kì í dúró de ẹnikẹ́ni

Bí àwòrán lásán bá yẹ̀, a lè tún un yà. Ti dáì kò rí bẹ́ẹ̀, torí pé àgbékalẹ̀ àkókò ni gbogbo rẹ̀. Ẹ mú aláìsàn oní-kílò 60. Ní mìlílítà 1.5 fún kílò kan, mìlílítà 90 ni yóò gbà. Kánúlà aláwọ̀ ewé (18) tàbí aláwọ̀ píǹkì (20) ni wọ́n á fi sí i lápá, ẹ̀rọ á sì tì í wọlé ní mìlílítà 4 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò ní ju ìṣẹ́jú àáyá 23 lọ tí gbogbo rẹ̀ á ti wọlé, omi oníyọ̀ mìlílítà 30 sí 40 á sì tì í lẹ́yìn.

Láti ìgbà tí dáì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé títí di bí ìṣẹ́jú àáyá 35 sí 40, inú iṣan àlọ, èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ọkàn, ló pọ̀ sí. Ẹ̀dọ̀ tó dá ṣáṣá ń gba bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti ara iṣan tó ń bọ̀ láti ìfun, nítorí náà kò tíì tàn. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ní tirẹ̀, iṣan àlọ ló ń bọ́ ọ, ó sì máa ń tàn kíákíá. Nígbà tó bá di bí ìṣẹ́jú àáyá 70, ẹ̀dọ̀ gidi ti tàn. Nígbà tó bá fi di ìṣẹ́jú 3 sí 5, dáì ti ń fà kúrò nínú kókó náà, ó wá ṣókùnkùn ju àyíká rẹ̀ lọ. Ohun tí dókítà ń kà ni pé ó kọ́kọ́ tàn, ó sì wá ṣú lẹ́yìn náà. Kí ó tó lè kà á, ó gbọ́dọ̀ dá a lójú pé ibì kan náà lòun ń wò nínú àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìgbà àkọ́kọ́ yẹn kì í pẹ́ ju bí ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ kí ó tó kọjá. Bí aláìsàn bá húkọ́ níbẹ̀, ó di ọjọ́ mìíràn, dáì mìíràn, owó mìíràn láti inú àpò rẹ̀. Bí kíndìnrín rẹ̀ bá ti ń jó rẹ̀yìn tẹ́lẹ̀, tí eGFR rẹ̀ (ìwọ̀n bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀) kò tó 30, kì í ṣe ohun tí a kàn ń tún ṣe bẹ́ẹ̀.

Irọ́ tí èémí ń pa

Kíndìnrín ni ìṣirò rẹ̀ rọrùn jù. Kókó tó jẹ́ àpò omi lásán sábà máa ń wà láàárín 0 sí 20 lórí HU, òṣùwọ̀n tí CT fi ń sọ bí nǹkan ṣe ń dí X-ray lọ́nà tó. Ṣáájú dáì, dókítà fi òrùka kékeré sí àárín rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ó rí 10. Lẹ́yìn dáì, ó fi òrùka kan náà síbi kan náà. Bí iye náà bá fi ju 20 lọ sókè, a gbà pé ẹ̀jẹ̀ ń wọ inú kókó náà, ìyẹn ni pé kì í ṣe omi.

Wàyí o, ká ní aláìsàn fa èémí díẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì ju tàkọ́kọ́ lọ, kíndìnrín sì sọ̀ kalẹ̀ ní mìlímítà mélòó kan. Ìdá kan nínú mẹ́rin òrùka náà bọ́ sórí ẹran kíndìnrín gidi, tí dáì ti sọ di 180. Ìdá mẹ́ta yòókù ṣì wà nínú omi. Ẹ ṣírò rẹ̀: 45 láti ara kíndìnrín, 7.5 láti ara omi, ó di 52.5. Àpò omi tí kò ṣe nǹkan kan ti fi ju 42 lọ sókè. Irú òrùka bẹ́ẹ̀ lè gbé èèyàn dé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ tí kò yẹ kó dé.

Nínú CT, tábìlì ń rìn bí ẹ̀rọ ṣe ń yà, láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀. Bí aláìsàn bá mí sínú lákòókò náà, ẹ̀dọ̀ ń bá ẹ̀rọ rìn lọ sísàlẹ̀, ibì kan náà lè jáde lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá mí síta, ẹ̀dọ̀ á gba ibi tí ẹ̀rọ wà kọjá lọ sókè, apá kan á sì bọ́ sílẹ̀ láìyà. Bí kókó bá wà nínú apá tó bọ́ sílẹ̀ yẹn, ó ti lọ. Sọ́fítíwia kò lè dá ohun tí kò sí padà. Ọ̀nà tó yára jù láti mọ̀ ni kí ẹ yí àwòrán síwájú bí ẹni tó dojú kọ yín, kí ẹ wo orí ẹ̀dọ̀. Bí etí rẹ̀ bá ní àkàsọ̀, aláìsàn ti mí. Ẹ̀rọ oní-64 (tó ń ya ègé 64 lẹ́ẹ̀kan náà) lè yà ikùn tán láàárín bí ìṣẹ́jú àáyá 10 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, torí náà àkàsọ̀ kì í pọ̀ lórí rẹ̀. Lórí ẹ̀rọ àtijọ́, ó wọ́pọ̀.

Ẹ̀tàn kan tún wà tí kò kan ipò ẹ̀yà ara rárá, tí ọ̀pọ̀ kì í fura sí. Nígbà tí wọ́n bá ń wá ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹ̀dọ̀fóró, tí wọ́n sì sọ fún aláìsàn pé "ẹ mí kanlẹ̀, ẹ dúró", mímí kanlẹ̀ yẹn á fa ẹ̀jẹ̀ tí kò ní dáì láti inú ikùn wọ inú ọkàn lójijì. Yóò là dáì náà gẹ́lẹ́ nígbà tó yẹ kó mọ́ jù. Iṣan ẹ̀dọ̀fóró á wá jáde bàìbàì, ẹni tó ń ka àwòrán ò ní mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ dídì ni tàbí dáì tó lọ sí omi. Kò sí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè tún èyí ṣe. Dáì kò sí níbẹ̀. Èémí díẹ̀ báyìí, tí kò ju ti ojoojúmọ́ lọ, ló tọ́.

MRI, ẹ̀rọ tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì ya inú ara, kì í yà bí fọ́tò ní tirẹ̀. Ó ń kó ìsọfúnni jọ díẹ̀díẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 20, kí ó tó tò ó pọ̀ di àwòrán kan ṣoṣo. Èémí kan láàárín rẹ̀ á wọ gbogbo àwòrán náà, á sì jáde bí òjìji tó ń tún ara rẹ̀ ṣe láti apá kan dé apá kejì. Dáì tirẹ̀ jẹ́ gádólíníọ́ọ̀mù; èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ mìlílítà 0.2 fún kílò kan, mìlílítà 12 fún aláìsàn wa oní-kílò 60. Dáì mìíràn wà tí wọ́n dìídì ṣe fún ẹ̀dọ̀, tí orúkọ rẹ̀ lọ́jà ń jẹ́ Primovist, ìdajì iye yẹn ni. Láti 2013 ni àwọn onímọ̀ ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé lẹ́yìn tí wọ́n bá fún àwọn aláìsàn kan ní irú èyí, wọn kì í lè sé èémí mọ́ ní ìgbà iṣan àlọ gan-an. Kì í pẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ìgbà tí kókó máa ń tàn ló máa ń mú un. Fún irú dáì bẹ́ẹ̀, ó dára kí wọ́n tì í wọlé ní mìlílítà 1 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kì í ṣe 2, kí wọ́n sì ya àwòrán kéékèèké mẹ́ta tàbí mẹ́rin níbi tí wọn ì bá ti ya ẹyọ kan gígùn. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, ìkejì lè mọ́.

Ẹ má mí ni, àbí ẹ má mì?

Kó tó di sọ́fítíwia, ẹnu ni àtúnṣe ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ó ti ń já jù. Ohùn tó ń ti inú CT jáde sábà máa ń jẹ́ Òyìnbó, tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Màmá tó ti Ìdànrè wá, tí wọ́n fi sílẹ̀ lóun nìkan nínú yàrá tútù, tí ara rẹ̀ gbóná lójijì nítorí dáì, kò mọ ohun tí ohùn náà ń wí. Á gbórí sókè láti bi wọ́n. Àwòrán ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ CT ló ní àyè láti gba ohùn tuntun sílẹ̀. Kí wọ́n gba ti Yorùbá síbẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n ronú sí ọ̀rọ̀ tí wọn yóò lò. "Ẹ má mí" àti "ẹ má mì" jọra púpọ̀. Ohùn nìkan ló yà wọ́n, ohùn sì ni ẹ̀rọ agbọ̀rọ̀sọ burúkú máa ń pa. Aláìsàn tó gbọ́ "ẹ má mì" á gan pa bí igi, á sì máa mí lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó ti gbọ́ràn, bó ṣe gbọ́ ọ ló ṣe ṣe é. "Ẹ sé èémí" kò ní irú wàhálà yẹn. Ìparí rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wà: "ó tó, ẹ máa mí lọ." Àwọn kan wà tí wọn kò ní mí títí ẹnìkan yóò fi sọ fún wọn.

Èyí tó tún ṣòro ni pé ọ̀rọ̀ Yorùbá máa ń gùn ju ti Òyìnbó lọ. Bí ohùn tuntun bá gba ìṣẹ́jú àáyá 8 níbi tí ti àtijọ́ ti gba 4, ẹ̀rọ tó ń dúró kí ohùn parí kí ó tó yà yóò pẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá 4. Fún ẹ̀dọ̀, àtúnṣe rẹ̀ rọrùn: bí ẹ̀rọ bá ti rí i pé òpó iṣan àlọ ńlá ti dé 100 HU, àyè bí ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 20 ṣì wà kí ó tó yà, ohùn á wọ inú rẹ̀ bí a bá tún àkókò náà tò. Fún iṣan ẹ̀dọ̀fóró, àyè náà kì í ju bí ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ. Níbẹ̀, "ẹ sé èémí" nìkan ló lè wọ̀ ọ́, gbogbo àlàyé yòókù gbọ́dọ̀ ti parí kí dáì tó wọlé.

Ìdánrawò ṣe pàtàkì ju bí wọ́n ṣe máa ń kà á sí lọ. Lórí tábìlì, kí dáì tó wọlé, kí aláìsàn gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kí rédíógíráfà, ẹni tó ń ya àwòrán, gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀ tàbí kí ó wo aṣọ tó bò ó. Ikùn tó bá ṣì ń dìde kò tíì sé èémí, ohun yòówù kí ẹni náà fẹnu sọ. Bí a bá fẹ́ kí àwòrán mẹ́ta bára mu, mímí síta kí a tó sé èémí ló dára jù, torí pé ibi tí ẹ̀dọ̀fóró ń padà sí lẹ́yìn tó bá ti tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ibì kan náà ní gbogbo ìgbà. Ibi tí a ń fa èémí dé ń yàtọ̀, bó ti rẹ èèyàn tó àti bí ẹ̀rù ti bà á tó. Àléébù rẹ̀ ni pé ó nira láti sé èémí pẹ́ nígbà tí inú ẹ̀dọ̀fóró ṣófo. Ẹni tí kò bá lè sé e fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kí wọ́n jẹ́ kó mí sínú díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí bákan náà. Ọ́síjìn díẹ̀ nímú máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, gbogbo wa kọ́ ló ń sọ Yorùbá àjùmọ̀lò: ará Arógbò tó ń sọ Ìjọ̀ wà níbẹ̀, bàbá tí etí rẹ̀ ti di náà wà. Kí wọ́n fi ọwọ́ ṣe àmì tí wọ́n ti jọ dán wò, kí ẹnìkan tó wọ aṣọ òjé sì dúró níbi tí aláìsàn lè rí i.

Òrùka tí ẹ̀rọ ń lò láti ṣọ́ ìgbà tí dáì dé náà nílò àmójútó. Aláìsàn ń mí nígbà yẹn. Bí òrùka bá sún mọ́ ibi tí ògiri iṣan ti le bí egungun, èémí kan á gbé e sórí rẹ̀, iye á fò sókè, ẹ̀rọ á sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí dáì kò tíì dé. Àárín gbùngbùn iṣan ni ipò rẹ̀, kó má sì tóbi dé etí.

Nígbà tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ bá ń ṣọ́ èémí

Lórí MRI, bẹ́líìtì kan wà tí wọ́n ń so mọ́ ikùn, tó ń sọ fún ẹ̀rọ ìgbà tí ikùn wú àti ìgbà tó fọn. Bí ó bá dẹ̀ jù, tàbí tí wọ́n so ó mọ́ àyà ẹni tó ń fi ikùn mí, kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀nà kejì ni pé kí ẹ̀rọ máa wo ìlà tín-ín-rín kan lórí ẹ̀dọ̀ lápá ọ̀tún, ìdajì rẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀, ìdajì nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó máa ń gba ìsọfúnni wọlé nígbà tí etí ẹ̀dọ̀ bá wà láàárín àyè bíi mìlímítà 5 nìkan. Bí ó bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta àkókò ni ẹ̀dọ̀ ń wà níbẹ̀, àwòrán ìṣẹ́jú 3 di ìṣẹ́jú 9. Ìyẹn kò burú fún àwòrán tí wọ́n ń yà ní ìṣẹ́jú 20 lẹ́yìn Primovist, nígbà tí kò sí ìkánjú mọ́. Fún ìgbà iṣan àlọ, kò wúlò rárá: dáì kò ní dúró de bẹ́líìtì.

Èyí tó bá dáì mu ni ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń kó ìsọfúnni jọ bíi wáyà kẹ̀kẹ́, tí wáyà kọ̀ọ̀kan ń gba àárín kọjá, tí èyí tó tẹ̀lé e sì ń yí ní digíríì 111.25. Nítorí pé gbogbo wáyà ló ń kan àárín, àárín náà ń sọ ìgbà tí aláìsàn mí, a sì lè to àwọn wáyà tó jẹ́ ti mímí síta pọ̀ lẹ́yìn náà. Bí èémí bá tilẹ̀ wọ̀ ọ́, àwòrán á kàn di bàìbàì díẹ̀ ni, kò ní yọ òjìji. Fún ọmọdé àti àgbà tí kò lè sé èémí, òun ni a bá mú bí ẹ̀rọ bá ní in.

Títo àwòrán lé ara wọn

Wàyí, sọ́fítíwia. Iṣẹ́ rẹ̀ dà bíi ti aránṣọ tó fẹ́ kí òdòdó áńkárá bára mu níbi tí aṣọ ti pàdé. Ó yan àwòrán kan ṣe ìpìlẹ̀, ó ń fa àwọn yòókù títí wọn á fi bá a mu. Ìṣòro tó wà nínú ti dáì ni pé àwọ̀ òdòdó ń yí padà bí aránṣọ ṣe ń rán an. Ṣáájú dáì, ẹ̀dọ̀ ṣú. Lẹ́yìn rẹ̀, ó tàn. Bí sọ́fítíwia bá kàn ń yọ àwòrán kan kúrò nínú èkejì, tó ń wá kí ìyókù di òfo, yóò ka títàn sí yíyẹ̀.

Ohun tí wọ́n fi yanjú rẹ̀ láti àwọn ọdún 1990 ni kí sọ́fítíwia má wo àwọ̀, kó wo ìbáṣepọ̀. Bí ẹ bá ń wá ẹnìkan ní Ọjà Ọba Àkúrẹ́, tó sì ti pààrọ̀ gèlè, ẹ ṣì lè mọ̀ ọ́n nípa àwọn tó jókòó tì í. Bẹ́ẹ̀ ni: gbogbo ibi tó jẹ́ 60 nínú àwòrán kìíní ti di 110 nínú èkejì, ó dára, wọ́n bára mu, bí àwọn kan bá di 110, tí àwọn kan di 30 láìní ìdí, ipò ló yẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí, bí a bá fẹ́ kó jáde dáadáa. Kí a yan ìpìlẹ̀ tó wà ní ìparí mímí síta, tó sì ti ní dáì díẹ̀ nínú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ẹ̀dọ̀ lè hàn pọ̀. Àwòrán ìṣáájú dáì kì í ṣe ìpìlẹ̀ rere. Kí a gé ìhà àti ọ̀pá ẹ̀yìn kúrò, torí pé ẹ̀dọ̀ ń yọ̀ lábẹ́ ìhà, kì í bá a rìn. Sọ́fítíwia tí kò mọ èyí á máa fa ẹ̀dọ̀ àti egungun pọ̀ bí ẹni pé wọ́n rán wọn papọ̀. Kí a kọ́kọ́ gbé gbogbo ẹ̀dọ̀ sípò láìfà á, kí a tó wá jẹ́ kó máa fà bí rọ́bà.

Fífà yẹn ni ewu wà. Ní 1999, Daniel Rueckert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London gbé ọ̀nà kan jáde tó ń fi àwọ̀n ojúàmì fa àwòrán, MRI ọmú oní-dáì sì ni wọ́n fi dán an wò. Ó ṣiṣẹ́ débi pé títí di òní, ọ̀pọ̀ sọ́fítíwia ló ṣì ń lò ó. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n rí i pé kókó tó tàn máa ń kéré sí i lẹ́yìn fífà náà. Sọ́fítíwia kò rí ohun tó tàn bẹ́ẹ̀ nínú ìpìlẹ̀, ó wá ń fún un pọ̀ kí ó lè pòórá. Ní 2003, Torsten Rohlfing àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi òfin sí i pé ohunkóhun tí wọ́n bá fà, ìwọ̀n rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yí padà. Kì í ṣe gbogbo ètò tí wọ́n ń tà ló ní òfin yẹn nínú.

Ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó ní kí sọ́fítíwia fi hàn òun bí ojú kọ̀ọ̀kan ṣe wú tàbí ṣe sún kì. 1 túmọ̀ sí pé kò yí padà. Ẹ̀dọ̀ kì í ṣe fóòmù, èémí kì í tẹ̀ ẹ́ kéré. Bí ẹ bá rí 0.6 lójú kókó, sọ́fítíwia ti jẹ ẹ́. Bí ẹ bá rí iye tó kéré sí 0, ó ti ká àwòrán lé ara rẹ̀ lórí. Ètò tí kò lè fi iye wọ̀nyí hàn, ẹ má fi ka kókó tí ẹ fẹ́ wọn ìtóbi rẹ̀.

Àwọn sọ́fítíwia tó ń lo ọpọlọ ẹ̀rọ (AI) yára ju ti àtijọ́ lọ: ohun tó ń gba ìṣẹ́jú púpọ̀ tẹ́lẹ̀ ń parí láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹ̀tàn tiwọn ni pé àwọn kan máa ń ya ohun tí wọ́n rò pé ó yẹ kó wà níbẹ̀ láti fi dí ibi tí kò hàn dáadáa. Nítorí náà, kí àwòrán tí a kò fọwọ́ kàn wà nípamọ́ nígbà gbogbo, kí ìwé àbájáde sì sọ pé àwòrán tí a tún ṣe ni a kà.

Kò pọn dandan kí a ra nǹkan ńlá kí a tó kọ́ iṣẹ́ yìí. Sọ́fítíwia 3D Slicer àti elastix jẹ́ ọ̀fẹ́, kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ní agbára díẹ̀ lè gbé wọn. Ilé ẹ̀kọ́ méjì tó lè jọ ṣe é wà nítòsí ara wọn: FUTA ní Àkúrẹ́, tí àwọn onímọ̀ físíìsì àti kọ̀ǹpútà wà, àti UNIMED ní Oǹdó, tó jẹ́ ti ìṣègùn. Ẹ̀rọ amú-iná-dúró kò ṣe é yọ sílẹ̀ sá o: bí iná bá ṣẹ́jú ní ìṣẹ́jú àáyá 38, kò sí sọ́fítíwia kankan tó lè tún ìyẹn tò.

Ultrasound oní-ìfófó

Ultrasound náà ní dáì tirẹ̀: ìfófó afẹ́fẹ́ kéékèèké tó kéré ju ẹyọ ẹ̀jẹ̀ pupa lọ. Mìlílítà 2.4 ni ìwọ̀n SonoVue, ọ̀kan lára irú dáì yìí, tí wọ́n sábà ń lò, kì í gba kíndìnrín jáde, ẹ̀dọ̀fóró ló ń mí i síta. Wọ́n ń fi í ya ìlà tó ń fi hàn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe wọ kókó àti bó ṣe jáde. Bí ìlà yẹn bá ń gùn, tó ń sọ̀ bí eyín ayùn, ẹ ka eyín rẹ̀: bí ó bá jẹ́ 15 láàárín ìṣẹ́jú kan, èémí ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀nà kan láti tún un ṣe ni kí a yọ àwọn àwòrán tó wà ní ìparí mímí síta nìkan lò. Ní àwòrán 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èémí oní-ìṣẹ́jú àáyá 4 jẹ́ àwòrán 40. Bí a bá mú 10 nínú wọn, ìlà á dán. Ṣùgbọ́n ìfófó lè wọ kókó tán láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10. Èémí méjì tàbí mẹ́ta péré ló wà nínú ìyẹn. Ibi tí a nílò àlàyé rẹ̀ jù ni a ti pa rẹ́. Ó sàn kí a to gbogbo wọn lé ara wọn, kí a sì fi àwòrán ultrasound lásán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójú ẹ̀rọ ṣe atọ́nà, torí pé ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà nígbà tí ìfófó bá dé.

Gbogbo èyí kò wúlò bí kókó bá jáde kúrò nínú ojú tí à ń wò. Ultrasound ń wo ojú kan ṣoṣo, bí ègé búrẹ́dì. Bí a bá gbé e dábùú, èémí á gbé kókó sẹ̀ǹtímítà 1.5 jáde kúrò nínú ègé náà pátápátá, ohun tó wọlé dípò rẹ̀ jẹ́ ẹ̀dọ̀ lásán. Kí ẹni tó ń ṣe é yí i sí òòró, láti orí sí ẹsẹ̀, kí kókó lè máa lọ, kó máa bọ̀ nínú ègé kan náà. Ìyẹn nìkan ni kọ̀ǹpútà á rí tò.

Fún ẹni tó ń lọ ṣe é

Ẹ dánrawò nílé: ẹ mí síta, ẹ sé èémí, ẹ ka 1 dé 15 pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ẹ kò bá dé 15, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó so kánúlà, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Bí asẹ́mà bá ń yọ yín lẹ́nu tàbí tí ẹ kò lè dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ sọ ọ́. Ẹ mú ìwé àyẹ̀wò kíndìnrín dání, kí ẹ sì mú síídì àwòrán àtijọ́ wá, kì í ṣe ìwé àbájáde nìkan. Kí rédíógíráfà kọ ọ́ sórí àwòrán kọ̀ọ̀kan bóyá aláìsàn mí sínú tàbí ó mí síta kí ó tó sé èémí. Bí ó bá padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹni tó máa yà á nígbà náà á mọ èyí tó yẹ kó sọ fún un.